Fọ́ọ̀mù ikọ̀ bọ́ọ̀lù: kí ni lẹ́tà márùn-ún yẹn ń sọ gan-an?

Ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ti mọ lẹ́tà mẹ́ta kan bí ẹní mowó: V, N àti D. V ni pé ikọ̀ borí, N ni pé wọ́n ta ọ̀mì, D ni pé wọ́n fìdí rẹmi. Àwọn ìwé ìròyìn tó ń kọ èdè Faransé máa ń to márùn-ún nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, látorí márùn-ún tí wọ́n gbá kẹ́yìn. Ohun tí à ń pè ní fọ́ọ̀mù nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di iye, V jẹ́ póìǹtì 3, N jẹ́ 1, D ò ní nǹkan kan. Ikọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá á ní 15.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí a bá fẹ́ fi lẹ́tà wọ̀nyí sọ ohun tó ń bọ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ ká mú ikọ̀ Benin tiwa, àwọn Guépards, tí à ń pè ní Écureuils kí wọ́n tó pààrọ̀ orúkọ wọn ní 2022. Ní Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà 2019 ní Íjíbítì, wọ́n bá Gánà ta ọ̀mì 2-2, wọ́n bá Guinea-Bissau ta 0-0, wọ́n bá Kamẹrúùnù náà ta 0-0. Wọ́n bá Mòrókò ta 1-1, wọ́n wá fi pẹnáritì lé e lọ sílé. Góòlù kan ṣoṣo ni Sẹ̀nẹ̀gàl fi dá wọn dúró nígbà tó ku ikọ̀ mẹ́jọ. Ẹ kà á: N, N, N, N, D. Póìǹtì 4 nínú 15, kò sí V kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára ikọ̀ mẹ́jọ tó kù ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. (Pẹnáritì tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn tí àkókò bá tán ń sọ ẹni tó máa tẹ̀ síwájú ni. Nínú ìwé, ọ̀mì náà ni ó ń jẹ́.) Ẹ má sì gbàgbé pé nígbà tí wákàtí kan àbọ̀ ti pé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Mòrókò yẹn, Hakim Ziyech ti Mòrókò gbá pẹnáritì lu òpó. Ìwọ̀n ìka díẹ̀ ló ya N kẹrin sọ́tọ̀ kúrò lára D, kò sì sí lẹ́tà tó ń sọ èyí fúnni.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Nínú ìdíje àtilọ sí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026, ohun tó wà níwájú orúkọ Benin kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn tó dé ni N, D, V, V, V: 2-2 pẹ̀lú Zimbabwe, 0-2 lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà, lẹ́yìn náà wọ́n na Zimbabwe 1-0, Lesotho 4-0, Rùwáńdà 1-0 ní Kigali. Póìǹtì 10 nínú 15, góòlù kankan ò sì wọ àwọ̀n wọn nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn. Àwọn ló ń ṣíwájú pẹ̀lú póìǹtì 17. Gúúsù Áfíríkà ní 15, Nàìjíríà ní 14. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Nàìjíríà rọ̀jò góòlù mẹ́rin lé wọn lórí nílé rẹ̀ ní Uyo, 4-0. Gúúsù Áfíríkà ló gba ipò kìíní lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnu ò dákẹ́ l'Àjàṣẹ́ àti ní Kétu, níbi tí ìyá ti lè jẹ́ ará ìhín kí bàbá jẹ́ ará òdìkejì bọ́dà. Lẹ́bàá ọjà Ouando, mo gbọ́ tí ọmọkùnrin kan ń bá télọ̀ kan jiyàn:

“Ẹ̀gbọ́n, V mẹ́ta léra wọn! Àbí ẹ ò rí i ni?”

“Mo rí i, àbúrò. Ta ni wọ́n nà? Níbo ni wọ́n sì ti nà án?”

Bàbá télọ̀ mọ ohun tó ń sọ. Nípa ti “ta ni”, Zimbabwe ló gbẹ̀yìn nínú ìsọ̀rí náà, póìǹtì 5 péré ló sì kó jọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá. V tí a gbà lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè wúwo bí èyí tí a gbà lọ́wọ́ Nàìjíríà. Èmi gan-an fẹ́ràn N tí a bá ẹni ńlá ta nílé rẹ̀ ju V tí a gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti gbẹ̀yìn lọ.

“Níbo” ló dùn ún tú jù. Láti oṣù kẹfà 2024 sí oṣù kẹwàá 2025, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Benin àti Nàìjíríà pàdé nínú ìdíje. Benin borí 2-1 ní Àbíjàn. Nàìjíríà nà wọ́n 3-0 ní Uyo. Wọ́n ta ọ̀mì 1-1 ní Àbíjàn. Uyo tún dé, 4-0. Bí ẹ bá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, V, D, N, D ni, ẹ ò sì ní rí orí tàbí ìdí rẹ̀. Ẹ wá ya Àbíjàn sọ́tọ̀, kí ẹ ya Uyo sọ́tọ̀: Benin ò pàdánù rárá ní Àbíjàn, wọn ò sì gbá góòlù kankan wọlé ní Uyo. Àbíjàn yẹn kì í sì í ṣe ilé wa! Wọn ò tíì fọwọ́ sí pápá ìṣeré wa fún irú ìdíje bẹ́ẹ̀ nígbà náà ni àwọn Guépards fi ń gbàlejò ní Côte d'Ivoire. Nítorí náà, kí ẹ tó gbà pé fọ́ọ̀mù ikọ̀ kan dára, ẹ pín in sí méjì, ti ilé àti ti ìta.

Lẹ́tà ò tún ń sọ ẹni tó wà lórí pápá. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Nàìjíríà ta ọ̀mì 1-1 ní Gúúsù Áfíríkà láìsí Victor Osimhen, agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn, tó fara pa. Ẹni tó rí N yẹn tó ní ọwọ́ Nàìjíríà ti rọ̀, kò ka Osimhen mọ́ ọn. Ó padà dé, ó sì gbá mẹ́ta wọlé ní Uyo nìkan.

Ètò ìgbábọ́ọ̀lù náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Gernot Rohr ń kọ́ ikọ̀ Benin ní 2025, wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sẹ́yìn, wọ́n á fara balẹ̀, wọ́n á wá fi eré ré lọ síwájú nígbà tí àyè bá ṣí. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ń jẹun lára 0-0: bí àkókò ṣe ń lọ ni ara ẹni tó ń wá góòlù ń gbóná, tó ń fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Ní Uyo, ìṣẹ́jú kẹta ni góòlù àkọ́kọ́ wọlé. Ẹni tó ń dúró de àyè wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde lọ wá a, òun náà sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀.

Ẹ lè fi ojú lásán wo èyí ní pápá ìṣeré Charles de Gaulle l'Àjàṣẹ́, kò gba kọ̀ǹpútà. Ẹ má tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ikọ̀ kan bá pàdánù bọ́ọ̀lù, ẹ wo àwọn mẹ́ta tó sún mọ́ ibẹ̀ jù: ṣé wọ́n sáré tì í, àbí wọ́n na ọwọ́ sókè sí rẹfirí? Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ẹni tó gbẹ̀yìn àti ẹni tó ṣíwájú. Bí àlàfo náà bá ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn ìsinmi, ó ti ń rẹ̀ wọ́n nìyẹn, wọ́n ìbáà máa fàgbà han ẹnìkejì. Ẹ wo bóyá aṣọ́lé ń rí ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí nítòsí, àbí ó kàn ń gbá a sókè réré. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tí ẹ wò báyìí dára ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ.

Àpẹẹrẹ kan ló kù, lórí bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà náà. Ní Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tó wáyé ní Mòrókò, láti ìparí 2025 wọ 2026, Benin pàdánù 0-1 lọ́wọ́ Kóńgò Kinshasa, wọ́n na Botswana 1-0, Sẹ̀nẹ̀gàl nà wọ́n 3-0. V tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Botswana yẹn ni àkọ́kọ́ tí Benin gbà rí nínú ìdíje náà gan-an. Wọ́n wá pàdé Íjíbítì: 1-1 nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé, 3-1 fún Íjíbítì lẹ́yìn àfikún àkókò. Àfikún àkókò ò dà bíi pẹnáritì, ó ń wọ inú èsì. D ni wọ́n kọ síbẹ̀.