Iná Oníwọ̀n Méjì Lábẹ́ Bọ́ílà Tó Tóbi Ju Ilé Lọ

Ẹ̀gbọ́n kan ní Kàbà ló bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí. Ọmọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ṣe ní New York, níbi tí ooru omi híhó ṣì ń ti inú bọ́ílà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tó ń se omi, gba inú páìpù lọ sínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Bàbá fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ ọmọ fún wa, ó wá pe ohun tí Òyìnbó ń pè ní "two-stage firing" ní "ìyìnbọn onípele méjì". Ìyìnbọn kẹ̀! Ṣé bọ́ílà ni ọmọ náà ń tún ṣe ni, àbí ọdẹ ló ń ṣe? Iná ni Òyìnbó ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe ìbọn.

Tíṣà kan ní Ìsánlú ní òun ó tún un ṣe: "ìdáná onípele méjì". Èyí sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ tíṣà kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. "Idana" tó wà nínú ìwé rẹ̀ yẹn, ta ni kò ní rò pé ìdána ìyàwó ni, pé àwọn àna fẹ́ pín iṣu gbé wá lẹ́ẹ̀mejì? Ká tiẹ̀ fi àmì sí i, "ìpele" ò bá a mu. Ó ń ṣe bí ẹni pé iná kan jókòó lórí iná kejì. Iná kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ méjì. Iná oníwọ̀n méjì ni mo sọ, òun náà ni mo ṣì ń sọ.

Tíṣà ní ọ̀rọ̀ mi ń rùn bí ọjà, bí ìyá tó ní mùdù tó fi ń rà, tó tún ní òmíràn tó fi ń tà. Ó ní kí n lọ ka Òwe 20:10. Mo ti kà á. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n kejì pamọ́ ni olè. Àti pé ìwọ̀n gan-an ni gbogbo ẹjọ́ bọ́ílà yìí. Ká ní ráídétọ̀ inú ilé kan, ìyẹn àwọn irin tí ooru ń kún inú wọn láti mú yàrá gbóná, jẹ́ 400 ẹsẹ̀ bàtà alápá mẹ́rin lápapọ̀, bọ́ílà tó yẹ ẹ́ ni èyí tí wọ́n kọ 400 sí lára. Àfikún ooru tí páìpù tútù máa gbà ti wà nínú ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á wo èyí tó ti bàjẹ́, ó ra irú rẹ̀, 640. Ẹnikẹ́ni ò ka ráídétọ̀.

Ẹ wá wo ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀ ìnáwó, tí a ki igi ńlá mẹ́ta bọ abẹ́ rẹ̀, tí a sì kó ewé díẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí ewé ṣì tutù, gbogbo ooru tó bá gòkè ló ń kọlù ú, tó ń padà di omi. Bí ewé bá ti gbóná tán, ooru ò ríbi lọ mọ́, ọmọrí bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Òpè á da omi paná. Nígbà tó bá yá, á tún fínná, á tún paná, bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá tó mọṣẹ́ á fa igi kan jáde.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná ńlá ni bọ́ílà fi ń bẹ̀rẹ̀, torí páìpù tutù. Bí ráídétọ̀ bá ti kún tí agbára ooru gun díẹ̀, ìwọ̀nba áúnsì péré lórí íǹṣì alápá mẹ́rin, swíìṣì kan á fa iná sí bíi ìdá 65 nínú 100. Ìyẹn sọ 640 di 416. Swíìṣì kejì, tó ń pa gbogbo rẹ̀ pátá, ṣì wà níbẹ̀ fún ìgbà tí agbára ooru bá tún gun ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ á dín kù. Gáàsì ni o, epo ni o, ọ̀kan náà ni lójú mi. Kí wọ́n ṣáà rántí dín afẹ́fẹ́ kù pẹ̀lú iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ooru á bá ihò èéfín lọ.

Tíṣà wá bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kúkú yọ bọ́ílà náà, kí wọ́n ra èyí tó bá ilé mu. Ìyẹn ló dára jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin ni, ó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún, owó rẹ̀ ò sì kéré; ta ló fẹ́ hú u dànù nígbà tó ṣì ń hó? Ìbéèrè rẹ̀ yẹn ṣáà dára ju ìdána rẹ̀ lọ.