Báwo ni ara òrìṣà idẹ Rhodes ṣe nípọn tó?

Oníbàárà kan wọ ìsọ̀ mi láìpẹ́ yìí, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Àwòrán ọkùnrin idẹ kan ló wà níbẹ̀, ó ya ẹsẹ̀ lé ẹnu èbúté, ọkọ̀ ojú omi ń gba abẹ́ itan rẹ̀ kọjá. “Bàbá, irú èyí ni kí ẹ bá mi dà. Kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì mi ni mo fẹ́ gbé e sí.” Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tí ère náà jẹ́. Ó ní òun ò mọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ló sọ pé ó wà lára ìyanu méje ayé àtijọ́.

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń fi idẹ dídà jẹun kò lè má gbúròó rẹ̀. Rhodes ló ni ín, erékùṣù àwọn Gíríìkì kan lẹ́bàá ilẹ̀ Tọ́kì. Pọ́ọ̀lù yà níbẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 21. Ní ọdún 305 ṣáájú ìbí Kristi, Demetrius, ọ̀gágun Masidóníà kan, ọmọ Antigonus, kó ogun tì wọ́n, torí wọn ò gbà láti bá a gbógun ti Ptolemy ti Íjíbítì. Ó sé ìlú mọ́ fún nǹkan bí ọdún kan, ó kan ilé ìṣọ́ onígi ràgàjì tí wọ́n fi páànù irin bò lára, síbẹ̀ kò rí ìlú wọ̀. Nígbà tí wọ́n jọ ṣàdéhùn tó sì lọ, ó fi ẹrù ogun rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Rhodes tà á, gẹ́gẹ́ bí oní-kọndẹ́ẹ̀mù gidi. Pliny ará Róòmù kọ ọ́ pé 300 tálẹ́ńtì ni wọ́n rí níbẹ̀, owó náà ni wọ́n sì fi ṣe ère Helios, òrìṣà oòrùn tó ń ṣọ́ ìlú wọn.

Chares, ọmọ Lindos ní erékùṣù yẹn kan náà, ló gba iṣẹ́ náà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ ni Lysippos, ẹni tó ti ṣe ère Zeus, olórí òrìṣà àwọn Gíríìkì, kan ní Tarentum ní Ítálì tó ga ní 40 ìgbọ̀nwọ́. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ ta ọ̀gá yọ: 70 ìgbọ̀nwọ́ ni tirẹ̀, nǹkan bíi mítà 32, ilé alájà mẹ́wàá. Ọdún 12 ló fi ṣe é, ó parí ní nǹkan bí 280 ṣáájú ìbí Kristi.

Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń bi mí ni bí wọ́n ṣe gbé nǹkan tó tóbi báyẹn dúró. Èmi, bó ṣe nípọn tó ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. Ẹni tó bá mọ ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń da ère. A ó fi amọ̀ mọ inú rẹ̀, a ó wá fi ìda oyin tẹ́ ara amọ̀ náà. Ìda yìí la ń ya ojú, imú àti ìlà sí, bí ìda bá sì ṣe nípọn tó ni idẹ yóò ṣe nípọn tó. A ó fi amọ̀ mìíràn bò ó lọ́pọ̀ ìgbà, a ó fi iná sí i, ìda á yọ́ jáde, ihò á kù láàárín amọ̀ inú àti ti ìta. Ihò yẹn la ń da idẹ sí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà da àwọn orí Ifẹ̀ nìyẹn, ọ̀nà tí àwọn Gíríìkì gbà da ère tiwọn nìyẹn pẹ̀lú, láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ẹnì kejì.

Ọ̀tá iṣẹ́ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló kan ọ̀rọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni omi. Mo sáré ṣiṣẹ́ kan nígbà òjò lọ́dún kan, ìta amọ̀ ti gbẹ, inú rẹ̀ ò tíì gbẹ. Bí idẹ ṣe wọlé báyìí, omi inú amọ̀ di ooru, ẹnu ihò sì pọ idẹ padà sókè bí ẹ̀kọ tó ru. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní gìgísẹ̀ mi.

Èkejì ni òtútù, òun gan-an ló ba ère ńlá jẹ́ jùlọ. Ìyàwó ọba kan ni mò ń dà, ó ga tó àyà mi. Ìkòkò ìyọ́ àkọ́kọ́ tán nígbà tí ó kù díẹ̀ kó dé ìbàdí. Ọmọ iṣẹ́ tó yẹ kó gbé èkejì wá fẹsẹ̀ kọ igi. Ó lè má tó ìṣẹ́jú kan tó fi dìde. A da èkejì lé e, ihò kún, inú mi dùn. Nígbà tí a fọ́ amọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ìbàdí rẹ̀ ká, ó rí bí ètè méjì tó pa dé. Mo fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Orí àti àyà bọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ìdí dúró lọ́tọ̀. Idẹ gbígbóná kì í lẹ̀ mọ́ idẹ tó ti dì bí wọn ò bá tọ́jú ojú ibi tí wọ́n ti pàdé; ó kàn ń fara tì í ni.

Ẹ fi èyí sọ́kàn ká lọ sínú ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n fi orúkọ Philo ará Byzantium (Istanbul òde òní) sí. Ó ní Chares gbé ìpìlẹ̀ mábù funfun kalẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e títí dé ọrùn-ẹsẹ̀. Ìyókù wúwo ju ohun tí wọ́n lè gbé gun orí rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ló ti da apá tó kàn lé ti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè ní ìpele bí ẹni ń mọlé. Bí ìpele kan bá ti parí, yóò kó erùpẹ̀ yí i ká, yóò dúró lórí òkìtì náà da òmíràn. Inú ère, irin àti òkúta gígbẹ́ ló tò síbẹ̀ kó má baà mì. Ó ka iye rẹ̀ náà: 500 tálẹ́ńtì idẹ, 300 tálẹ́ńtì irin.

Tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bíi kílò 26. Idẹ 500 tálẹ́ńtì jẹ́ 13,000 kílò, ìyẹn tọ́ọ̀nù 13. Ó dún bí ohun tó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ìsọ̀ wò ó. Bí a bá tẹ́ awọ ẹni tó ga ní mítà 1.7 sílẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ tó páànù méjì tí ìkọ̀ọ̀kan gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan. Ère yìí ga tó irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́nà 19. Ṣùgbọ́n awọ ń gùn, ó sì tún ń fẹ̀, nítorí náà 19 lọ́nà 19 ni, 361. Awọ Helios á tó 650 páànù. Ẹ pín 13,000 kílò sí 650, páànù kan á gba kílò 20. Páànù idẹ tó nípọn ní mílímítà kan ń wúwo tó bíi kílò 9. Ara òrìṣà tó ga tó ilé alájà mẹ́wàá kò wá nípọn tó mílímítà méjì àbọ̀. Bí owó onírin lásán!

Kò sí asúdẹ tó lè da páànù tó fẹ̀ báyẹn kó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí idẹ tó rìn dé ẹ̀gbẹ́ kejì, á ti dì lójú ọ̀nà. Orí Ifẹ̀ fẹ́lẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ni, kì í ṣe itan tó ga ju ilé lọ. Nítorí náà ọ̀kan nínú méjì: yálà iye tí Philo kà kò pé, tàbí kì í ṣe dídà ni wọ́n da gbogbo ara rẹ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Láàárín àwọn ọdún 1950, Herbert Maryon, tó bá British Museum ṣiṣẹ́, sọ pé páànù tí wọ́n fi òòlù lù ni, tí wọ́n wá fi ìṣó kàn pọ̀ mọ́ra. Denys Haynes dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ tí Philo lò nínú èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ dídà ni. Àwọn awalẹ̀pìtàn náà sì ti rí kòtò tí wọ́n ti ń da ère ńlá ní ìlú Rhodes. Ní tèmi, mo gbà pé wọ́n da ẹsẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù wà, kò sì ṣòro láti dà á nílẹ̀. Ìka àti ojú náà lè jẹ́ dídà. Ṣùgbọ́n itan, ikùn, ẹ̀yìn? Òòlù ni mo fọwọ́ sí.

Ẹni tó bá rò pé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ò lè dúró, kó wo Ère Òmìnira tó wà ní New York láti 1886. Bàbà tó bò ó lára jẹ́ mílímítà 2.4, wọ́n fi òòlù lù ú sórí igi gbígbẹ́ ni, wọ́n sì fi egungun irin tí Eiffel, ẹnjiníà ará Faransé, ṣe gbé e dúró nínú. Mítà 46 ni láti gìgísẹ̀ dé ẹnu ògùṣọ̀. Awọ kọ́ ló ń gbé ère ńlá dúró.

Awọ kọ́ ló sì ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí irin bá fara kan bàbà tàbí idẹ, tí omi oníyọ̀ wọ àárín wọn, irin ló ń jẹrà. Ó ń wú bó ṣe ń dógùn-ún, wíwú yẹn á sì máa fa ìṣó tu. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Ère Òmìnira nìyẹn, tí wọ́n fi kó àwọn ọ̀pá irin tó gbá páànù mú kúrò láàárín 1984 sí 1986, tí wọ́n fi irin tí kì í dógùn-ún rọ́pò. Rhodes wà láàárín òkun. Ọdún 50 ó lé díẹ̀ ni Helios lò lórí ìdúró. Ní nǹkan bí 226 ṣáájú ìbí Kristi, ilẹ̀ mì tìtì, Strabo, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, sì kọ ọ́ pé orúnkún ló ti ṣẹ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ ló wó o, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ bí wọ́n bá pè mí wá wò ó lọ́jọ́ kejì, irin orúnkún ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Ptolemy Kẹta ti Íjíbítì ní òun á fi owó àti òṣìṣẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tún un gbé dìde. Wọ́n bi òrìṣà léèrè, òrìṣà ní kí wọ́n má ṣe é. Ó wá sùn sílẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọjá níbẹ̀, ilẹ̀ ló wà. Pliny, tí òun àti Pọ́ọ̀lù jọ gbé ayé, kọ ọ́ pé ènìyàn díẹ̀ ló lè fọwọ́ gbá àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ra, pé ìka rẹ̀ tóbi ju ọ̀pọ̀ odindi ère lọ, àti pé níbi tó ti ṣẹ́, ihò ńlá là sílẹ̀ bí ihò àpáta, òkúta ràbàtà tí wọ́n fi gbá a mú sì hàn nínú rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, inú rẹ̀ kì í ṣe idẹ, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wa ṣe wí.

Ẹsẹ̀ yíya ńkọ́? Niccolò da Martoni, ará Ítálì kan tó gba Rhodes kọjá ní nǹkan bí 1395, gbọ́ ọ lẹ́nu wọn níbẹ̀, ère ti kúrò nílẹ̀ láti bí 700 ọdún nígbà náà. Bó bá jẹ́ ẹnu èbúté ló dúró lé, inú omi ni ì bá wó sí, Pliny ì bá má ríbi sọ̀rọ̀ àtàǹpàkò. Àwọn onímọ̀ kan ní orí ilẹ̀ tó yọ sínú omi ní èbúté Mandraki ló wà, àwọn mìíràn ní orí òkè ìlú. Lónìí, àgbọ̀nrín idẹ méjì, akọ kan, abo kan, ló dúró lórí òpó ní ẹnu Mandraki, níbi tí àwọn atọ́nà ti ń sọ fún àlejò pé ẹsẹ̀ òrìṣà wà.

Ìtàn àwọn ràkúnmí tún pa mí lẹ́rìn-ín ju ti ẹsẹ̀ lọ. Theophanes, tó kọ ìtàn ní Byzantium, ní nígbà tí àwọn Lárúbáwá gba Rhodes ní nǹkan bí 653, wọ́n ta idẹ náà fún oníṣòwò kan láti Edessa, ó sì di í lé 900 ràkúnmí. Tọ́ọ̀nù 13 sórí 900 ràkúnmí jẹ́ kílò 14 àti díẹ̀ lórí ọ̀kan, ẹrù ọmọ iléèwé. Aadọ́rin ràkúnmí á gbé e tán. Èmi tí mo ń ra ẹnu ẹ̀rọ omi, kọ́kọ́rọ́ àlòkù àti ráńdíétọ̀ mọ́tò lọ́wọ́ àwọn oní-kọndẹ́ẹ̀mù mọ̀ pé idẹ kì í sùn síta fún ọdún 880 kó má dín.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún oníbàárà mi. Mo ní mo lè bá a da Helios, ẹsẹ̀ bàtà méjì ò jù, ìdàkan ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á pa pọ̀, màá sì fi ọ̀pá idẹ, kì í ṣe irin, sí ojúgun méjèèjì. Ó ronú díẹ̀, ó ní kò burú. Nígbà tó wá gbé e, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní: “Bàbá, ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?”