Kámẹ́rà kọ́ ló ń jẹ́ kí ìlú gbọ́n

Tí wọ́n bá ti dárúkọ smart city, ìyẹn ìlú tó gbọ́n, báyìí, kámẹ́rà ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Kámẹ́rà lórí òpó, Wi-Fi ọ̀fẹ́ káàkiri, síkíríìnì gàgàrà tí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí iwájú ẹ̀ tí wọ́n ń wo gbogbo ìlú, wọ́n á ní ìlú ti gbọ́n nìyẹn. Rárá o. Ojú lásán nìyẹn, ojú ò sì lè dá gbọ́n. Ìlú tó rí i pé omi ń ya dànù tí kò rán ẹnikẹ́ni lọ dí i, ìran ló kàn ń wò.

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí ohun tí ìlú rí yí ohun tí ìlú ń ṣe padà, kíá, láìdúró de ẹni tó máa kọ lẹ́tà. Ẹ jẹ́ ká fo ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì àti dátà tí gbogbo èèyàn ti gbọ́ tì, ká lọ sí oríta, níbi iná tó ń darí ọkọ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ dùn sí.

Iná ayé àtijọ́, aago ló ń tẹ̀ lé. Tí wọ́n bá ti ní kó tan gíríìnì fún ìṣẹ́jú àáyá 40, ọkọ̀ wà ni o, ọkọ̀ ò sí ni o, 40 ló máa lò. Ó dà bí onílù tó dijú. Onílù tó mọṣẹ́ kì í wo ọwọ́ ara ẹ̀, ẹsẹ̀ oníjó ló máa ń wò, tí ẹsẹ̀ bá ti ń wúwo á dẹ ìlù, tí ara oníjó bá yá á mú un le, tí oníjó méjì bá sì jọ bọ́ sójú agbo ó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ lù fún, kò sì ní jẹ́ kí èkejì dúró títí tára ẹ̀ á fi tutù. Bí iná tuntun ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn.

Abẹ́ títì ni ojú tó fi ń wo ọkọ̀ wà. Wọ́n á la ojú títì, wọ́n á ká wáyà sínú ẹ̀, wọ́n á bò ó padà, iná mànàmáná díẹ̀ á máa lọ nínú wáyà yẹn tọ̀sán tòru. Ọ̀pọ̀ rò pé ìwúwo ọkọ̀ ló ń mọ̀, irọ́ ni, èèyàn 20 lè dúró lé e lórí kó má mọ nǹkan kan. Irin ló mọ̀. Tí irin ọkọ̀ bá ti dé orí ẹ̀, iná inú wáyà á yí padà díẹ̀, kọ̀ǹpútà oríta á sì mọ̀ pé àlejò dé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tí irin ẹ̀ ò pọ̀ fi lè dúró síwájú iná pupa títí kó sú u.

Kọ̀ǹpútà á wá pinnu nǹkan mẹ́ta: bí àyípo iná kan ṣe máa gùn tó, ọ̀nà tí gíríìnì máa pẹ́ jù fún, àti ìgbà tí oríta kejì máa ṣí tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta yìí ló dùn jù. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan máa lo ìṣẹ́jú àáyá 36 kó tó rin mítà 500, tí oríta kejì bá ṣí ní ìṣẹ́jú àáyá 36 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, àwọn ọkọ̀ á kọjá wọ̀ọ̀, kò ní sí pé wọ́n ń tẹ bíréèkì. Kì í ṣe nǹkan tuntun rárá o, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí iná oríta, tí wọ́n ń pè ní SCATS, ní Sydney ní Ọsirélíà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tiwọn, SCOOT. Ìdí iná gan-an, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró, ni ti Sydney ń tẹ́ wáyà sí, SCOOT ń tẹ́ tiẹ̀ sọ́ọ̀ọ́kán kó lè rí ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Epo tí ọkọ̀ ń jó lójú kan á dín kù, èéfín náà á dín kù, áńbúláǹsì á sì rọ́nà lọ.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún títì ṣe láìbìkítà, wáyà á já, iná á sì padà sídìí aago. Owó àtúnṣe yìí làwọn ìlú kì í fẹ́ gbọ́, owó ìfilọ́lẹ̀ ló máa ń yá wọn lára.

Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń yún, tó máa ń jálẹ̀kùn wọ orí ẹ̀rọ ìlú, náà tún jẹ́ ìṣòro míì. Ní April 2017, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan wọlé sórí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ìjì, gbogbo síréènì 156 tó wà nílùú bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru nígbà tí ìjì kankan ò jà.

Èyí tó burú jù ni ti ẹni tí ìlú ò rí. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ò nírin lára, wáyà ò mọ̀ ọ́n. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà bákan náà, wọ́n ṣe áàpù kan tó ń jẹ́ Street Bump, tí mọ́tò bá ti gbá kòtò, fóònù inú ẹ̀ á fi tó ìjọba létí. Ó dáa, àmọ́ àdúgbò àwọn tó ní fóònù olówó ńlá ni ìròyìn á ti máa pọ̀, kòtò àdúgbò àwọn tálákà àti àwọn àgbàlagbà á wá dà bíi pé kò sí. Nígbà tí wọ́n ro ìyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ títì wò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé áàpù náà fún, torí mọ́tò tiwọn ń dé gbogbo àdúgbò.