Ìpẹtà ṣáásì: ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ wò lára jíípù àtijọ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra jíípù àtijọ́ n'Ìbàdàn, mẹkáníìkì ló máa ń mú dání. Mẹkáníìkì á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á fa ọ́ìlì wò, á yí gíà, á tan éèsì. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá kú lọ́la, ẹ ó rí òmíràn rà ní Arárọ̀mí, ní Gate. Gíà wà níbẹ̀, rádíétọ̀ wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn àti iná wà níbẹ̀. Ṣáásì tí ìpẹtà ti jẹ tán ni kò rọrùn láti pààrọ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n lu nọ́ńbà sí nínú ọ̀pọ̀ jíípù, nọ́ńbà yẹn náà ló sì wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìwé ọkọ̀. Ẹni tó bá gbé ṣáásì mìíràn sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ á máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọlọ́pàá títí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé abẹ́ ọkọ̀ ni ká kọ́kọ́ wò, kí a tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá.

Ṣáásì ni egungun ọkọ̀. Irin gígùn méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí àwọn irin ìdábùú so pọ̀. Orí rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì, gíà àti bọ́dì jókòó lé, òun náà ni àwọn apá tó di táyà mú so mọ́. Toyota 4Runner, Land Cruiser, Sequoia àti Nissan Xterra, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n. Honda CR-V àti Highlander kò ní ṣáásì ọ̀tọ̀, bọ́dì wọn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bákan náà ni Jeep Cherokee tí wọ́n ṣe láti 1984 dé 2001, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́-wíìlì gidi ni. Ní ti irú àwọn wọ̀nyí, irin abẹ́ ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ inú ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò bí a ṣe ń wo ṣáásì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé inú àwọn irin gígùn yẹn ṣófo. Ọ̀dà tó wà lára wọn níta kò fi bẹ́ẹ̀ dé inú. Ẹrẹ̀ àti omi ń gba ojú ihò wọlé, wọ́n sì ń jókòó síbẹ̀. Inú ni ìpẹtà ti ń jẹun bọ̀ wá síta, nígbà tí ojú bá sì fi rí i, irin ti fẹ́lẹ́.

Irin, omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń di ìpẹtà. Bí omi bá kan irin, iná kékeré kan tí a kò lè fojú rí á máa sáré láti ojú kan lára irin náà sí ojú mìíràn, ojú tí iná ti ń jáde yẹn sì ni irin ti ń jẹrà. Omi lásán kì í gbé iná náà dáadáa. Omi iyọ̀ ń gbé e gan-an ni. Ìpẹtà tó bá hù jáde máa ń wú ju irin tó jẹ lọ, á máa bó ní pẹ́lẹ́bẹ́, á sì tún ṣí ojú irin tuntun sílẹ̀ fún omi. Álúmínọ́ọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó bá hù lójú rẹ̀ máa ń bò ó ni, tí yóò sì dáàbò bò ó.

Níbo wá ni iyọ̀ ti wá? Ní Michigan, Ohio, Pennsylvania, New York àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká ní Amẹ́ríkà, àti ní Ontario àti Quebec ní Kánádà, tí yìnyín bá bo títì nígbà òtútù, ọkọ̀ ìjọba á máa da iyọ̀ sí i kí yìnyín lè yọ́. Àwọn táyà á ta omi iyọ̀ yẹn sí abẹ́ ọkọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan lọ́dọọdún. Ọkọ̀ tó lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ ti mu iyọ̀ yó kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté Tin Can l'Ékòó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: iyọ̀ náà kò kú nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti tó nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, iyọ̀ tó gbẹ á máa fa omi sára láti inú afẹ́fẹ́, láìsí pé òjò rọ̀. Òmíràn lára iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì, calcium chloride, kò tilẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 30 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní Ìbàdàn, pàápàá lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ òru ń kọjá 75 dáadáa. Jíípù tí ẹ rà nínú ọyẹ́, tí abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ nínú ṣáásì rẹ̀ bí òjò bá ti dé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní 2016, Toyota gbà láti parí ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí ṣáásì tó ń dípẹtà lára Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 àti 2008, àti Sequoia 2005 sí 2008. Ọkọ̀ náà tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀, owó tí àdéhùn náà lè ná wọn sì lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé àwọn jẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọ́n gbà láti yẹ àwọn ọkọ̀ náà wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ ṣáásì èyí tó bá ti bàjẹ́. Nítorí náà, Sequoia àárín ọdún wọ̀nyẹn tí wọ́n ti pààrọ̀ ṣáásì rẹ̀ lọ́hùn-ún dára ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lọ.

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Ring Road àti Challenge á sọ fún yín pé ọkọ̀ àwọn kò ní ìpẹtà kankan. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni pé ìpínlẹ̀ wo ló ti rìn. Nọ́ńbà ṣáásì alámì 17 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J ń sọ pé Japan ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀, kò sọ ibi tó gbé. Ìtàn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí Carfax ń ṣe, ló máa ń sọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Arizona, Nevada àti New Mexico gbẹ dáadáa. Texas náà dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí ìkún omi Harvey gbé ní Houston ní 2017. Bí ẹ bá fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá, tí ẹ rí ẹrẹ̀ ní ìdí rẹ̀, ẹ máa lọ.

Èrò tèmi ni pé jíípù tí wọ́n ti lò nílé, tó sì pẹ́ n'Ìbàdàn, sàn ju tòkunbọ̀ tó wá láti ibi yìnyín, bí bọ́dì rẹ̀ tilẹ̀ ti ha. Ìbàdàn jìnnà sí òkun ju 100 kìlómítà lọ. Èyí tó gbé ní Lẹ́kí ńkọ́? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ òkun náà ń gbé iyọ̀.

Ẹ wọ aṣọ tó lè dọ̀tí lọ. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ sórí ráńpù ibi ìfọ-mọ́tò, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré dání. Ẹ máa fi òòlù gbá ṣáásì jẹ́jẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn: irin tó le á dún gbọnrangandan, èyí tó ti jẹrà á dún bùù, tàbí kí pẹ́lẹ́bẹ́ ìpẹtà máa jábọ́ nínú rẹ̀. Ibi tó ń burú jù lára 4Runner ni ẹ̀yìn, níbi tí apá táyà ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáásì. Ẹ ki ìka bọ ihò ara irin náà. Ẹ wo páìpù búréèkì, nítorí bí ìpẹtà bá lu ú, búréèkì á já lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tuntun tí wọ́n kùn bo gbogbo abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń bò. Ní ti bọ́dì, òòfà inú sípíkà àtijọ́ tí ẹ fi aṣọ wé ti tó. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, fíìlà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ojú bọ́dì tó bàjẹ́ kí wọ́n tó kùn ún, ló wà níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ pupa lásán dẹ́rù bà yín. Èyí tí búrọ́ọ̀ṣì onírin lè há kúrò kò ju ojú irin lọ. Èyí tó ń bó ní pẹ́lẹ́bẹ́ ni kí ẹ fi dín owó rẹ̀ kù, kí ẹ sì pe wẹ́lídà tó mọṣẹ́ wá wò ó kí ẹ tó sanwó. Bí ihò bá wà nítòsí ìdí sítíárìn tàbí ibi tí apá táyà so mọ́, ẹ má rà á, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ tà á.

Ẹni tó bá ti rà á, tó ń gbé e gba ọ̀nà Mọníyà tàbí lọ sóko ní Ìdó, kó fi omi tútù fọ inú ṣáásì náà, kó ki rọ́bà omi bọ àwọn ihò rẹ̀, kí iyọ̀ lè ṣàn jáde. Tó bá gbẹ tán, kó há ojú tó pupa, kó kùn ún ní rẹ́ẹ̀dì ọ́ksáìdì, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn sára irin, kó sì kùn ọ̀dà lé e, kó sì fọ́n epo tí wọ́n ṣe fún ìpẹtà sínú rẹ̀. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́m̀ tí wọ́n máa ń dà sí abẹ́ ọkọ̀ ń jẹ rọ́bà bọ́ọ̀ṣì, mi ò gbà á nímọ̀ràn. Kó sì máa fi wáyà la àwọn ihò ìsàlẹ̀ ṣáásì tí ẹrẹ̀ bá ti dí, nítorí ibẹ̀ ni omi gbọ́dọ̀ máa gbà jáde.