Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táńkì Beaujolais

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé wáìnì pupa kì í wọ fíríìjì, àti pé ẹran màlúù nìkan ló yẹ kí wọ́n fi gbè é. Àwọn wáìnì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà bá mu. Tó bá kan wáìnì pupa Beaujolais, irọ́ ni, inú táńkì tí wọ́n ti ṣe é ni irọ́ náà sì ti ń tú.

Orí àwọn òkè Beaujolais, ní àríwá ìlú Lyon, nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti ń ṣe é, àjàrà Gamay ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Lọ́dún 1395, Philippe le Hardi, tó ń ṣàkóso Burgundy, pàṣẹ pé kí wọ́n hú Gamay kúrò nílẹ̀ òun, ó ní igi burúkú, aláìṣòótọ́ ni. Beaujolais ni igi náà wá rí jókòó sí.

Wáìnì pupa mìíràn, wọ́n á fọ́ èso rẹ̀, omi àti èèpo á sì jọ wà pọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Inú èèpo àti kóró ni tannin wà, ohun tó ń mú ẹnu gbẹ bí ìgbà téèyàn gé kajú tí kò tíì pọ́n jẹ. Ti Beaujolais yàtọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń já a, odidi ṣírí ni wọ́n sì ń dà sínú táńkì láìfọ́, wọ́n á wá dé e. Àwọn tókè á tẹ àwọn tìsàlẹ̀ fọ́, omi wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, gáàsì irú èyí tó ń ru nínú mínírà á sì jáde. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń lé e jáde títí táńkì á fi kún.

Ibí ló ti dùn. Èso tó wà lókè kò rí afẹ́fẹ́ mí mọ́, síbẹ̀ kò tíì kú. Ó ń jẹ ṣúgà ara rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ọtí nínú èèpo tí kò tíì sán, ìwúkàrà kankan ò sì bá a dá sí i. Ẹni tó bá ti fi àpò bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí mọ irú iṣẹ́ yìí: wọn ò sè é, wọn ò gún un, wọ́n kàn sé e mọ́lé ni. Kí wọ́n tó ṣí àpò, òórùn rẹ̀ ti ròyìn fún gbogbo ilé. Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gbọ́ lára Beaujolais Nouveau, ìyẹn Beaujolais tuntun tí wọ́n ń mu lọ́dún tí wọ́n já èso rẹ̀ gan-an! Àmọ́ àfiwé náà níbi tó mọ: ṣúgà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ̀ sí i ni, ti àjàrà ń dín.

Bí ọtí inú èso bá ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100, agbára rẹ̀ tán nìyẹn, á sán. Wọ́n á fún un, omi rẹ̀ á lọ parí híhó láìsí èèpo. Àwọ̀ ti jáde, kíkan rẹ̀ ti rọlẹ̀, tannin ò sì ráyè. Ìdí nìyẹn tí àjàrà tí wọ́n já ní oṣù Kẹsàn-án fi lè di Nouveau ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù Kọkànlá. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ariwo táńkì lè borí ohùn ilẹ̀, ìyẹn adùn tí ilẹ̀ tí àjàrà ti hù ń fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti ilẹ̀, kó wá Morgon tàbí Moulin-à-Vent, àwọn wáìnì Beaujolais tí wọ́n ń fi orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n pè.

Òtútù a máa mú kí tannin korò sí i. Níwọ̀n bí ti Beaujolais ò ti pọ̀, kí wọ́n gbé e sí fíríìjì títí á fi tó bí 13°C, kò burú. Adìẹ yíyan bá a lọ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bá a lọ, kódà ẹja salmon, tí wáìnì líle máa ń sọ adùn rẹ̀ di ti irin lẹ́nu. Ní Lyon, nínú àwọn ilé oúnjẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní bouchon, ìgò tó ń gba sẹ̀ǹtílítà 46, tí ìdí rẹ̀ nípọn, ni wọ́n ń bù ú sí, sọ́séèjì gbígbẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgò á sì máa làágùn lórí tábìlì.