Bí Àdúgbò Ṣe Lè Gba Pápá Rẹ̀ Lọ́wọ́ Oníṣòwò ní Ìkòròdú

Kí àdúgbò tó kọ ìwé ẹ̀hónú kankan lórí pápá tí wọ́n fẹ́ sọ di ṣọ́ọ̀bù tàbí gbọ̀ngàn ìnáwó, kí CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kọ́kọ́ wá léyáòtù rí, ìyẹn àwòrán bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ibẹ̀. Bí wọ́n bá kọ pápá tàbí ààyè gbogboogbò síbẹ̀, ẹsẹ̀ àdúgbò múlẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ẹbí gé tà láìsí léyáòtù tí ìjọba fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ le: ẹbí lè ní àwọn kàn yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọmọdé ni. Kí wọ́n yẹ ìwé ìwọnlẹ̀ àwọn tí ilé wọn yí pápá ká wò. Ó lè ti kọ "pápá" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà wọn.

Ta ló wá fọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tàbí gbọ̀ngàn náà? Ibí ni wọ́n ti ń ṣìnà jù. Káńsù lè gba owó ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n rìsíìtì rẹ̀ kì í ṣe ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Àwọn àjọ ìpínlẹ̀ Èkó ló ni iṣẹ́ yòókù: LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ náà. LASBCA ló ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́, tó sì lè tì í pa. LASPARK ló ń mójú tó ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó. Kí lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, kí wọ́n sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwọn. Láìsí òǹtẹ̀, ọ́fíìsì lè ní òun ò rí nǹkan kan.

Òfin òmìnira àkọsílẹ̀ ìjọba ti ọdún 2011 fàyè gba ẹnikẹ́ni láti béèrè ẹ̀dà àdéhùn tí ìjọba bá oníṣòwò ṣe lórí pápá náà: ọdún mélòó, èló, ta ló buwọ́ lù ú? Ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì ní láti fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ 30 ló wà láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Kí orúkọ tó wà lábẹ́ ìwé ẹ̀hónú ní nọ́ńbà ilé àti fóònù, kí ayálégbé náà sì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ lańlọ́ọ̀dù nìkan, wọ́n á ní ìjà ilẹ̀ ni.

Pípẹ́ ló ń ba ọ̀pọ̀ ẹ̀hónú jẹ́. Nígbà tí típà kọ́kọ́ já iyanrìn ni kí wọ́n ya fọ́tò tó ní déètì, kí wọ́n sì kọ̀wé. Bí wọ́n bá ti da kọnkéré, wíwó rẹ̀ a di ogun. Ó tún máa ń bàjẹ́ bí wọ́n bá fi ṣọ́ọ̀bù kan tu alága CDA lójú, tàbí bí wọ́n bá kọjú ìjà sí ìyá alákàrà tí kò mọ ẹni tó fọwọ́ síwèé.

Bó bá wá jẹ́ pé ìnáwó ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n gbà, kí ó wà lákọsílẹ̀: aago tí orin yóò dákẹ́, ẹni tí yóò kó ìdọ̀tí, àti ẹnu ọ̀nà tí wọn kò gbọdọ̀ tì mọ́ àwọn ọmọdé.