Ìtọ́jú Bébà Ìtẹ̀wé ní Ọ́fíìsì

Ìtọ́jú bébà ìtẹ̀wé ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa bébà tí wọn kò tíì lò mọ́, kí ó má baà rin, kí ó má ká, kí ó má sì há sínú ẹ̀rọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ọ́fíìsì ni A4, mílímítà 210 sí 297. Abala 500 ló wà nínú rímù kan. Rímù bébà gíráàmù 80 (ìyẹn ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀) wọn nǹkan bí kílò 2.5, márùn-ún irú rẹ̀ ló sì sábà máa ń wà nínú páálí.

Fọ́nrán igi ni bébà, ó sì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mu ún. Bí wọ́n bá tú rímù sílẹ̀ lórí tábìlì ní Èkó lásìkò òjò, tí ó sì sùn mọ́jú níbẹ̀, etí rẹ̀ á fẹ̀ ju àárín lọ, á wá rú bí ìgbì omi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà sì ń fi ooru líle lẹ tónà, ìyẹ̀fun tó ń ṣe iṣẹ́ tíńkì, mọ́ bébà. Bí bébà tó ti rin bá débẹ̀, omi inú rẹ̀ á di oru lójijì, bébà á ká. Ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń bú nígbà náà. Lásìkò ọyẹ́, bébà á gbẹ jù, á máa lẹ̀ mọ́ra, abala méjì á sì jọ wọ inú ẹ̀rọ pọ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà máa ń fi ọ̀rá tín-ín-rín tẹ́ inú ìwé tí wọ́n fi wé rímù. Kò yẹ kí wọ́n tú òmíràn kí èyí tó wà lọ́wọ́ tó tán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n dì í padà sínú ọ̀rá. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ amúlétutù, ló sábà máa ń há láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Páálí kì í jókòó sórí sìmẹ́ńtì: ọ̀rinrin ń gba ibẹ̀ gòkè, ikán náà sì ń gba ibẹ̀ wá. Orí pákó tàbí pẹpẹ ló yẹ ẹ́, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ògiri àti fèrèsé. Kí rímù dùbúlẹ̀. Èyí tí wọ́n bá nà ró á tẹ̀. Bí bébà bá ti yàrá tútù bọ́ sí èyí tó móoru, kí wọ́n má tú u títí di ọjọ́ kejì, nítorí omi lè là sí i lára bí ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì.

Bébà tó ti rú kì í sábà nà padà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì máa ń gé e sí kékeré, wọ́n á fi máa kọ nǹkan ìrántí.